Ooru Ni Ìyá Òròmọdìẹ, Fítámì Kàn Ń Bá A Tọ́jú Ọmọ Ni

Àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀sìn adìẹ, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn wa, kí ẹni tí kò lè wá sípàdé lè kà á lórí fóònù rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ọ̀sìn adìẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá: kí la lè fi kún oúnjẹ àti omi òròmọdìẹ kí òtútù má baà pa á? Ìdí tí mo fi mú èyí ni pé nígbàkígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè yìí kì í tán lórí àwọn gúrúùpù WhatsApp wa. Ẹnì kan á ya fọ́tò òròmọdìẹ tó ti kú, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, fítámì wo ni kí n rà?" Kẹ́ ẹ tó mọ̀, èèyàn mẹ́wàá ti dárúkọ oògùn mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó máa béèrè pé, "Báwo ni ooru ibẹ̀ ṣe rí lálẹ́ àná?"

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èmi fúnra mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú oṣù Keje, mo gbé 200 òròmọdìẹ wálé, páálí mẹ́rin. Owó èésú tí ìyàwó mi kó ló pọ̀ jù nínú owó náà. Mo ra fítámì, mo ra glucose, mo ra èyí tí wọ́n ń pè ní antistress. Mo po gbogbo ẹ̀ sómi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá. Gílóòbù iná méjì ni mo gbé kọ́ fún ooru. Lóru ọjọ́ kejì, òjò dé, NEPA mú iná lọ. Mo ní jẹnẹrétọ̀, àmọ́ epo inú ẹ̀ ò tó nǹkan. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé kò burú, ṣebí wọ́n ti ní fítámì lọ́dọ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mọ́kànléláàádọ́rin, 71, ló ti kú. Wọ́n gun ara wọn lórí ní kọ̀rọ̀ kan bí aṣọ tí wọ́n kó jọ fún fífọ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kò rí èémí mí, èyí tó wà lókè ni òtútù mú. Ohun tó dùn mí jù lọ ni ike omi. Omi fítámì yẹn wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ó kún dẹ́nu. Wọn ò fẹnu kàn án.

Ohun tí mo kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ fún yín lónìí, torí owó ló fi kọ́ mi. Òròmọdìẹ tí òtútù bá ti mú kì í rìn débi omi. Fítámì tó wà nínú ike kò sì lè rìn lọ bá a. Ooru ni ìyá òròmọdìẹ. Ohun tí a ń fi kún oúnjẹ wúlò, mo sì máa sọ bó ṣe wúlò, àmọ́ ó kàn ń bá ìyá tọ́jú ọmọ ni. Kò lè gba ipò ìyá.

Òtútù wo ló wà l'Ékòó?

Ẹlòmíì á ní, "Òtútù wo gan-an ló wà l'Ékòó? Ṣé ìlú òyìnbó la wà ni?" Ìbéèrè yẹn dáa. Lóru oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ooru ìta l'Ékòó máa ń wà ní nǹkan bíi 22 tàbí 23°C. Fún èmi àti ẹ̀yin, oorun aládùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan ń fẹ́ 32 sí 35°C ní ọ̀sẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ yọ 23 kúrò nínú 33, mẹ́wàá ló kù. Ìwọ̀n mẹ́wàá tí àwa ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà yẹn ló ń pa á. Bákan náà ló rí nígbà ọyẹ́, ní oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, tí ọ̀sán bá gbóná tí òru sì tutù.

Kí ló dé tí kò fi lè fara dà á? Òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò wúwo ju nǹkan bíi 40 gíráàmù lọ. Kò tíì níyẹ̀ẹ́. Irun múlọ́múlọ́ ló wà lára rẹ̀, tómi bá sì ti kan irun yẹn, ó parí. Ara rẹ̀ kò tíì mọ bí a ṣe ń pa ooru mọ́ fúnra ẹni. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó lè dá a ṣe dáadáa. Ìyá rẹ̀ ló yẹ kó ràdọ̀ bò ó. Ẹ ti rí àgbébọ̀ adìẹ nínú òjò rí: á na apá méjèèjì, gbogbo ọmọ á sá síbẹ̀, ẹ ò ní rí ju ẹsẹ̀ tín-tìn-tín lọ. Àmọ́ èyí tí a rà nínú páálí, inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti pa ẹyin rẹ̀. Kò mọ ìyá kankan. Ẹni tó bá gbé e wálé ni ìyá rẹ̀. Ìbáà jẹ́ bùròílà, ìbáà jẹ́ Noiler, ìbáà jẹ́ FUNAAB Alpha táwọn yunifásítì àgbẹ̀ Abẹ́òkúta mú jáde, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Nígbà tí òtútù bá mú un, nǹkan mẹ́ta ló máa ń ṣẹlẹ̀. Èkíní, kò ní jẹun, kò ní mumi. Ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ ló máa wá lọ. Pupa ẹyin tó kù nínú ikùn rẹ̀, tó yẹ kó lò tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, á wà níbẹ̀, kòkòrò àìsàn á sì wọ̀ ọ́. Èkejì, ìwọ̀nba tó bá jẹ, ooru ló máa fi ṣe, kò ní fi dàgbà. Ìyẹn ni pé ẹ ń fi fíìdì olówó gọbọi dáná. Ẹ̀kẹta ló burú jù fún ẹni tó ń sin bùròílà. Òtútù máa ń jẹ́ kí ara adìẹ béèrè ọ́síjìn púpọ̀. Ọkàn rẹ̀ á máa fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, títí apá ọ̀tún ọkàn náà á fi rẹ̀. Omi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ sínú ikùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la adìẹ rí tí omi ràkọ̀ràkọ̀ dà jáde nínú rẹ̀, òun nìyẹn. Ó lè má fara hàn títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkẹfà, nígbà tí adìẹ ti jẹ owó yín tán. Ẹ̀yin á ní àìsàn tuntun ló wọlé, àmọ́ òtútù ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè wà lára ohun tó fà á.

Ohun tó yẹ ká fi kún omi àti oúnjẹ

Ó dáa. Ká gbà pé ooru ti wà. Kí la wá lè fi kún un?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n bá dé. Púpọ̀ nínú òròmọdìẹ tí à ń rà ló ń wá láti Ìbàdàn tàbí ìpínlẹ̀ Ògùn, pẹ̀lú gosiló ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ mọ̀. Ó ti rẹ̀ wọ́n, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ mu. Kí omi náà lọ́ wọ́wọ́ bí èyí tí a fi ń wẹ ọmọ ìkókó, kó má tutù. Ẹ fi glucose tàbí ṣúgà lásán sí i, bíi 50 gíráàmù nínú lítà omi kan, fún wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ péré. Agbára kíákíá ni ṣúgà ń fún wọn. Tẹ́ ẹ bá fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìgbẹ́ wọn á máa lẹ̀ mọ́ ìdí, á sì dí i.

Fítámì C ló kàn. Adìẹ yàtọ̀ sí èèyàn: kíndìnrín rẹ̀ máa ń ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi pọn dandan nígbà tí ara bá rọ̀ ọ́. Àmọ́ nígbà tí òtútù tàbí ooru àpọ̀jù bá ń bá a jà, èyí tó ń ṣe kì í tó o mọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò ni 200 sí 250 míligíráàmù nínú kílò oúnjẹ kan. Nínú àpò 25 kílò, gíráàmù márùn-ún sí mẹ́fà péré nìyẹn. Tó bá jẹ́ omi lẹ fẹ́ pò ó sí, ẹ po èyí tí wọ́n máa mu tán lọ́jọ́ náà, nínú ike, kì í ṣe nínú agolo, kẹ́ ẹ má sì gbé e sójú oòrùn. Fítámì C kì í pẹ́ bà jẹ́ nínú omi. Èyí tẹ́ ẹ pò lánàá, omi lásán ni lónìí.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ní 2002, àwọn onímọ̀ kan ní Tọ́kì tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n kó àwọn adìẹ tó ń yé ẹyin sínú òtútù 6°C, wọ́n sì fi fítámì C àti èròjà kan tó ń jẹ́ chromium kún oúnjẹ wọn. Àwọn tó jẹ ẹ́ yé ẹyin ju àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ. Torí náà, kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ẹ fetí sí mi dáadáa: adìẹ tó ti dàgbà ni wọ́n, wọ́n níyẹ̀ẹ́ lára, wọ́n sì lè rìn lọ sídìí oúnjẹ wọn. Òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan kò ní gbogbo ìyẹn.

Fítámì E àti selenium jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Wọ́n ń dáàbò bo ẹran ara, ọpọlọ àti ọkàn nígbà tí wàhálà bá pọ̀ lára. Òròmọdìẹ tí fítámì E kò tó lára rẹ̀ lè máa yí ọrùn, kó máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kó sì ṣubú. Ẹ lè ra fítámì E, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ra selenium lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ máa bù ú sóúnjẹ. Ìwọ̀n tó ń ṣoore àti ìwọ̀n tó ń pani kò jìnnà síra. Èyí tó wà nínú pírémíìsì tí wọ́n fi po fíìdì ti tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń po fíìdì fúnra yín, epo pupa lè ràn yín lọ́wọ́ nígbà òtútù. Agbára tó wà nínú epo ju ìlọ́po méjì ti inú àgbàdo lọ. Kí ó má ju kílò méjì lọ nínú 100 kílò oúnjẹ, kó sì jẹ́ epo tuntun. Epo tó ti ń rùn máa ń pa fítámì E run. Ẹ ò lè fi ọwọ́ ọ̀tún kó fítámì sí i kẹ́ ẹ wá fi tòsì pa á.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀rá antistress ló ti ní oríṣiríṣi iyọ̀ nínú. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ṣe òròmọdìẹ lóore. Àmọ́ ẹni tó bá po oríṣi méjì pọ̀, tó tún fi iyọ̀ ìdáná lé e, ó ń fún un ní májèlé ni. Iyọ̀ àpọ̀jù nínú omi gan-an lè fa ikùn olómi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Oríṣi kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò lẹ́ẹ̀kan náà.

Aáyù, atalẹ̀ àti ewé mọ̀ríńgà, mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Díẹ̀ nínú wọn kò burú, wọ́n sì lè ran ikùn lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ má sọ wọ́n di oògùn òtútù. Ata tó ń ta èèyàn lẹ́nu kò sọ pé ó ń mú ara òròmọdìẹ gbóná.

Ìkẹyìn, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú lílo oògùn apakòkòrò fún òtútù. Ọ̀pọ̀ ló ń fún wọn ní antibáyọ́tíìkì láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ karùn-ún láìsí àìsàn kankan. Òtútù kì í ṣe kòkòrò. Tí kòkòrò bá ti mọ́ oògùn yẹn lára, lọ́jọ́ tí àìsàn gidi bá dé, kò ní ran adìẹ, ó sì lè má ran àwa náà tó ń jẹ ẹran rẹ̀. Ẹ bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bà jẹ́ lára ọ̀rá rẹ̀. Èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá láìlórúkọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Bí a ṣe ń ṣe ìyá

Àwọn àgbà ní, à ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní a ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Tiwa yàtọ̀. Òròmọdìẹ ò bá wa jà, àwa la gbé e sọ́nà ikú pẹ̀lú ọ̀rá fítámì lọ́wọ́. Torí náà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ooru.

Ẹ tan ooru sínú ibi tí wọ́n máa wà, èyí tí à ń pè ní búrúdà, láti ọjọ́ tó ṣáájú kí wọ́n tó dé. Kí ilẹ̀ gbẹ, kí èérún pákó tí ẹ tẹ́ síbẹ̀ nípọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí kánáàlì Òkè-Afá, ẹ mọ bí omi ṣe ń wọlé lásìkò òjò. Ẹ gbé wọn sókè. Kí ibẹ̀ rí róbótó, torí kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti máa ń gun ara wọn pa. Ẹ fi tàpólì dí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, àmọ́ kí òkè ṣí sílẹ̀ díẹ̀ kí èémí lè máa jáde. Ọ̀sẹ̀ kìíní 33°C, ìkejì 30, ìkẹta 27, ìkẹrin 24: bí ẹ ṣe máa dín in kù nìyẹn.

Ẹ má gbára lé iná NEPA nìkan. Orísun ooru méjì ni kẹ́ ẹ ní. Tó bá jẹ́ èédú lẹ fẹ́ lò, ìta ni kẹ́ ẹ ti dá a títí á fi pọ́n, tí èéfín rẹ̀ á tán, kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará mi, ibí yìí ni kẹ́ ẹ gbọ́ jù lọ. Èédú tó ń jó ń tú gáàsì kan jáde tó ń jẹ́ carbon monoxide. Kò ní òórùn, ojú kì í rí i, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Mo mọ bí ilé ṣe há tó ní Máfolúkù àti Ṣógúnlé, tó jẹ́ pé yàrá kan náà ni ẹlòmíì fẹ́ fi sin adìẹ tí yóò sì fi sùn. Ẹ má ṣe é. Kò sí adìẹ tó tó ọmọ èèyàn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ooru ti tó? Ẹ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí ẹ̀yìn òròmọdìẹ ga dé, kì í ṣe lókè ògiri. Tí kò bá sí, ẹ wo àwọn ọmọ náà. Tí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ iná tí wọ́n ń han, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá jìnnà síná tí wọ́n ń la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Tí wọ́n bá tàn káàkiri, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, ẹ lọ sùn. Ẹ tún lè mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Tẹ́sẹ̀ náà bá tutù, ara rẹ̀ ti ń tutù. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn wọn. Nínú 100, ó kéré tán 95 ló yẹ kó ti kún, kó sì rọ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má wá sórí gúrúùpù wá béèrè fítámì. Ẹ lọ wo ooru.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ sin adìẹ ọdún Kérésì. Oṣù Kẹwàá ni òròmọdìẹ wọn máa dé, òjò kò sì ní tíì tán nígbà yẹn. Mo mọ àwọn tó fi owó ìfẹ̀yìntì wọn bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé owó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ló fẹ́ fi rà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, Houston àti ibòmíràn, nígbà tí àbúrò yín bá ní kẹ́ ẹ fowó oògùn adìẹ ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lo máa fi ṣe ooru tí iná bá lọ?" Tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ fi owó yẹn ra èédú, tàpólì àti ẹ̀rọ ìwọnooru fún un. Ẹ lè wá fi ṣẹ́ńjì ra fítámì.

Ìgbìmọ̀ wa náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ra ẹ̀rọ ìwọnooru díẹ̀ sí sẹkitéríà wa lọ́wọ́, kí ẹni tó ń sin adìẹ máa yá a lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó sì dá a padà. Kò ní gbówó púpọ̀.

Lẹ́yìn ọdún tí mo pàdánù 71 yẹn, mo tún gbé 150 wálé, nínú oṣù Keje kan náà, nínú ilé kan náà. Fítámì tí mo lò kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ èmi àti ìyàwó mi ń pín òru láàárín ara wa, ẹnì kan sùn, ẹnì kan ń wo iná. Márùn-ún ló kú. Lóru ọjọ́ kẹta, NEPA mú iná lọ bí ìṣe wọn. Ìyàwó mi gbé ìkòkò èédú tó ti pọ́n wọlé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, ó sì sọ fún mi pé, "Lọ sùn. Èmi ni ìyá wọn lálẹ́ yìí."

Kí Ọlọ́run ràdọ̀ bo gbogbo wa.